Ọjọ́ tí Mo Kúnlẹ̀ fún Kìnnìún

Láti ọjọ́ ìdìbò ni bàbá ọkọ mi kò ti dá mi lóhùn mọ́. Ìdìbò àkọ́kọ́ náà ni, lẹ́yìn tí wọ́n ní ìjọba ti yí padà, pé kálukú lè yan ẹni tó bá wù ú. Bàbá ti sọ ìwé ẹni tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ jù sínú àpótí ìdìbò. Nígbà tí a délé, ó bi mí pé ta ni mo dìbò fún. Mo ní, “Bàbá, wọ́n ní àṣírí ni.” Irọ́ kọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ẹnu mi kì í gbélé, ìyá mi ti sọ ọ́ tipẹ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ọ̀nà ìlú Tchatchou ni yóò máa wò bí ẹni tó ń retí àlejò. Ọkọ mi wà ní Nàìjíríà, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Ọwọ́ bàbá yìí ni èmi àti ọmọbìnrin wa wà, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Ìyàwó tí baálé ilé kò bá dá lóhùn, wọ́n ti lé e tán, ó ku kó di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ni mo ń gbé sùn, òun náà ni mo ń gbé jí.

Síbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dé oko. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gún iyán, mo se ọbẹ̀ ẹ̀pà, mo sọ wàrà sí i, mo pọn ọmọ, mo sì gba ọ̀nà ìlú Kika lọ sí oko. Mo ti pinnu pé òní ni ọ̀rọ̀ náà máa parí. Mo máa tọrọ àforíjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Bàbá máa ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi òrí kan lẹ́bàá oko lọ́sàn-án, yóò fi aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ bora nítorí eṣinṣin. Mo rí àwọ̀ ilẹ̀ náà nínú koríko tó ga dé orúnkún, mo sì sọ ojú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí nílé wa, ìyàwó kì í wo bàbá ọkọ lójú.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Kò sí èsì. Mo sún mọ́ ọn.

“Bàbá, ẹ kú oòrùn o.”

Kò fọhùn. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Mo sọ abọ́ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò. Mo ní, “Bàbá, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ẹ bú mi bó bá wù yín, ẹ má kàn fi ìdákẹ́ pa mí.”

Ìgbà náà ni òórùn kan kọlù mí tí kì í ṣe ti èèyàn. Mo gbójú sókè. Kìnnìún ni, akọ tí irun ọrùn rẹ̀ kò tíì gùn. Ó ń wò mí. Àárín wa kò ju ẹnu ọ̀nà ilé sí ìdí ààrò lọ. Mo ń gbọ́ èémí ọmọ mi lọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ Ọlọ́run fún: kó má jí.

“Ìyàwó, má dìde.”

Orí igi ìgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ohùn náà ti wá. Bàbá ni, ó dì mọ́ ẹ̀ka.

“Má sá. Má kẹ̀yìn sí i. Fi orúnkún rìn padà. Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́.”

Mo ń fi orúnkún fà sẹ́yìn, òkúta ń bó mi lára. Kìnnìún dìde. Ọmọ jí, ó sì figbe ta. Ẹranko náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ń gbọn ẹ̀ka: “Èmi ni kí o wò! Èmi arúgbó yìí ni kí o wò!” Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń fì lófuurufú. Kìnnìún yíjú sí i. Èmi ń fà sẹ́yìn lọ títí koríko fi bò wá, mo wá dìde, mo sáré dé gáà àwọn Fúlàní darandaran tó wà nítòsí.

Àwọn ọkùnrin gáà bá mi padà pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n ń lu páànù. Ọ̀kan ní, “Ìyá ọmọ, ọjọ́ mẹ́ta rèé tí kìnnìún náà ti ń tẹ̀ lé màlúù wa.” Ohun tí a máa bá nídìí igi ni mò ń bẹ̀rù.

Kìnnìún ti lọ. Bàbá ṣì wà lórí igi, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò tú. Èèyàn méjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ìbínú àti ẹkún dàpọ̀ lẹ́nu mi. “Bàbá, ẹ rí mi lókèèrè. Kí ló dé tí ẹ ò pariwo kí n tó débẹ̀?”

Ó jókòó sílẹ̀. “Bí mo bá pariwo, ó máa dìde sí yín. Mo ní bí o bá kí mi tí mi ò dáhùn, o máa mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀, o máa padà.” Ó nu ojú. “Ìgbà tí o kí mi lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rántí pé ó ti pẹ́ tí mi ò ti dá ọ lóhùn.”

Mo tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, mo gbé e lé Bàbá nítan.