Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Ọlọ́pàá Sá fún Agbowó-orí

Mo rántí ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, tí owó epo rọ̀bì ń pa gbogbo èèyàn bí ọtí, tí wọ́n fi mí ṣe olórí ọlọ́pàá tó ń wádìí jìbìtì owó orí ní Ore àti Odigbo. Sájẹ́ǹtì kan àti kọ́ńsítébù tuntun méjì péré ni mo ń darí. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń yan fanda, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni títì márosẹ̀.

Ìyàwó àgbẹ̀ kan wá bá mi láti ọ̀nà Araromi-Obu. Apá Ìwó ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó ní àwọn agbowó-orí kan ń dènà lójú ọ̀nà oko. Wọ́n fa ìwé owó orí ọkọ òun ya, wọ́n ní kó tún san òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n. Ọkọ bá kó wọgbó. Kòkó ń rà lórí igi. “Ẹ bá mi mú un wálé, ọ̀gá,” ó ń sunkún, “ọmọ wa ti ń béèrè bóyá bàbá òun ti kú.”

Inú bí mi gan-an. Mo bọ́ kákí, mo wọ ṣòkòtò oko tó ti fàya, kí n lè dá gba ọ̀nà oko náà kọjá bí àgbẹ̀. Mo fi àwọn kọ́ńsítébù pamọ́ sétí igbó, mo sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá sáré jáde níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lulẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀. Èrò mi ni pé bí mo bá yọ káàdì iṣẹ́ mi, àwọn olè náà ni yóò sá.

Àwọn agbowó-orí mẹ́ta yọ sí mi lọ́nà lóòótọ́, nínú kákí tó gún ju tèmi lọ. “Ìwé owó orí ẹ dà?” Ohùn olórí wọn le kú ìjà Ore! Ọwọ́ mi ṣì ń wá káàdì, ẹsẹ̀ mi ti lọ. Èmi tí ìjọba ń yọ owó orí mi kí n tó fojú kan owó oṣù, mo ń fo ebè ẹ̀gẹ́ kiri.

Bí mo ṣe já sétí igbó, àwọn kọ́ńsítébù mi ṣe bí mo ti wí. Wọ́n dà mí dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ọ̀kan jókòó lé mi lẹ́yìn.

“Èmi ni ọ̀gá yín!”

“Gbogbo ẹni tá a bá mú ló máa ń jẹ́ ọ̀gá,” ó dáhùn, ó sì gbá mi létí.

Àwọn mẹ́ta náà dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Agbowó-orí ìjọba ni wá,” olórí wọn ní. “Ẹ fà á lé wa lọ́wọ́. Èmi àti ọ̀gá yín jọ ń jẹun ni.”

Ọpẹ́lọpẹ́ sájẹ́ǹtì tó dé, tó wo ojú mi nínú ẹrẹ̀, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. “Ọ̀gá tẹ́ ẹ jọ ń jẹun nìyí,” ó sọ fún wọn, “ṣé ẹ ti kí i?” Ibẹ̀ la ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́.

Mo tún kákí wọ̀, mo bá obìnrin náà lọ pe ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà yọrí láàárín igi kòkó, irùngbọ̀n ti bò ó, ó rẹ́rìn-ín sí aya rẹ̀. Ó wá rí èmi oníkákí. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún di inú igbó. Ìyàwó sá tẹ̀lé e, ó ń kígbe pé èèyàn dáadáa ni mí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó dùn mí pé èmi ni ekòló ọ̀hún. Mo bọ́ ẹ̀wù kákí, mo fi kọ́ igi, mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì títí àwọn méjèèjì fi jáde. Ọ̀pọ̀ oyè ni mo gbà kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wú mi lórí tó ọjọ́ tí àgbẹ̀ kan jáde nínú igbó nítorí pé mo bọ́ aṣọ.