Àdúrà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Gbọingbọin ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà kan, torí bó ṣe máa ń yin àga tó bá kàn nìyẹn: "Gbọingbọin ni! Erin lè jókòó lé e." Ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò fún un láyè láti sọ ọ́ fún Un.

Òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ há sínú ilé kékeré kan. Bó bá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, àwọn ọmọ á gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹṣin. Bó bá lọ sí pálọ̀, ìyá ìyàwó á gbójú sókè lórí àga.

"Àna mi, ta lẹ ń bá wíjọ́?"

"Ọlọ́run ni, Màmá."

"Ẹ bá mi sọ fún Un pé orúnkún mi ṣì ń ro mí."

Ó sá wọ balùwẹ̀. Kò tíì sọ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" tán tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ ń rọbí níbẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ ka ibi tí Jésù ti ní kéèyàn wọ inú yàrá rẹ̀ lọ, kó sé ilẹ̀kùn, kó gbàdúrà. Gbọingbọin mirí. Yàrá dà? Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ṣàdédé lọ sára kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún nọ́ọ̀sì kan. Ó ga, ó fẹ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn. Ó wọ inú rẹ̀, ó fà á sé. Háà! Ó pa rọ́rọ́. Ó gbàdúrà, ó dúpẹ́, ó fẹ̀yìn ti pákó. Bí àdúrà ṣe di oorun, òun náà ò mọ̀.

Ìgbà yẹn ni àwọn aláàárù tí nọ́ọ̀sì rán wá gbé ẹrù náà dé. Wọ́n pè títí, wọn ò rẹ́ni dáhùn, ni wọ́n bá fi okùn di ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Gbọingbọin ò tilẹ̀ mira. Ẹni tó ń sùn láàárín ariwo ọmọ nílé, kí ni ọkọ̀ fẹ́ fi ṣe é?

"Irú igi wo ni bàbá yìí fi kan nǹkan yìí?" ni ọ̀kan nínú wọn ń kùn, bí wọ́n ṣe ń gbé e gun àtẹ̀gùn ilé nọ́ọ̀sì.

Ìgbà náà ni Gbọingbọin lajú. Òkùnkùn biribiri, ara rẹ̀ sì ń lọ sókè, sókè. Ọjọ́ Olúwa ti dé! Ọ̀run ló ń lọ yìí!

"Jésù, mo dúpẹ́ o!" ló fi igbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, kí ìyàwó mi bá mi lọ! Àti àwọn ọmọ! Ní ti ìyá ìyàwó mi, Olúwa, ìfẹ́ Tiyín ni kó ṣẹ!"

Àwọn aláàárù sọ ẹrù sílẹ̀ gbì, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì ló wá tú okùn. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, Gbọingbọin rí obìnrin kan nínú aṣọ funfun báláú, ìmọ́lẹ̀ ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, áńgẹ́lì."

"Áńgẹ́lì wo? Káfíńtà, kí lẹ wá ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá ìyàwó ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Àna mi, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ilé. Tèmi nìkan lẹ wá fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ Olúwa?"

Gbọingbọin wolẹ̀. "Màmá, ìfẹ́ Olúwa dára púpọ̀."

"Mo gbọ́. Láti ọ̀la lọ, bẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà, ọwọ́ yín ni màá dì mú. Bí wọ́n bá gbé yín, wọ́n gbé wa pọ̀ nìyẹn."

Bó ṣe rí nìyẹn. Láràárọ̀, Màmá á lé àwọn ọmọ jáde ní pálọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kanlẹ̀kùn. Á wá di ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú bí ẹni mú olè, á máa dárúkọ gbogbo ẹbí níkọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run, títí kan àwọn tó ti bá a jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òtútù mú Màmá, kò lè dìde. Gbọingbọin nìkan ló kúnlẹ̀ ní pálọ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ ti pẹ́ jù," ni Màmá wí, ó sì gbá ọwọ́ náà mú.