Òróró Inú Ẹ́ńjìnì Bọ́ọ̀sì Ìjọ

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Adékànmí kì í ṣe onígbàgbọ́. Mẹkáníìkì ni ní Amùkòkò, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti ń fi èjìká gbún ara wọn, bí ó bá sì fẹ́ tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, á kọ́kọ́ di ojú gbàdúrà. Bí mọ́tò bá jí, Ọlọ́run ló ṣe é. Bí kò bá jí, ayé ni. Ẹ ó rí i pé nínú ìṣirò yìí, kò síbi tí ọwọ́ Adékànmí fúnra rẹ̀ wà.

Alàgbà ni ní Ìjọ Orísun Àánú, òun náà ló sì ń tọ́jú bọ́ọ̀sì ìjọ. Ní ọdún 1988, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ bọ́ọ̀sì náà. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ afárá, àfi kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó lè gòkè. Adékànmí fetí sí i, ó mi orí, ó ní tọ́pù sílíńdà ló ti bàjẹ́, ìyẹn irin tó bo ẹ́ńjìnì lórí bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò. Kò yẹ ohun mìíràn wò. Ẹni tó bá ti mọ̀, kí ló tún ń wá kiri?

Ojúlówó pátì ti di àwátì lásìkò náà, ayédèrú tí wọ́n ń pè ní Táíwàn ló gbòde. Adékànmí kọjá sí Apápá, ó lọ bá Dickson, ajẹ́ńtì kan ní Warehouse Road tó máa ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù. Dickson já páálí, ó ń nu tọ́pù tuntun náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Ṣé ojúlówó ni?"

"Original Taiwan," ni Dickson fèsì. "Fake Taiwan dey o. This one na original."

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ Adékànmí lọ́rùn. Orin ìyìn ló fi de tọ́pù náà mọ́ ẹ́ńjìnì. Lucky, dẹ́rẹ́bà ìjọ, ọmọ Ìsókó tó gbọ́ Yorùbá débi tó lè fi bú èèyàn, yí kọ́kọ́rọ́. Bọ́ọ̀sì húkọ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.

"Alàgbà, ó tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀," ni Lucky wí. "Before, e dey waka small."

Adékànmí yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ó fi àtàǹpàkò dí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Lucky máa yí kọ́kọ́rọ́. Bí ara ẹ́ńjìnì bá le, atẹ́gùn tó fún pọ̀ nínú rẹ̀ á ta àtàǹpàkò dànù bí ìgbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ta èèyàn nípàá. Èyí tó bá àtàǹpàkò rẹ̀ pàdé dà bí èémí aláìsàn. Ó tú tọ́pù, ó yọ fáàfù, ìlẹ̀kùn atẹ́gùn ẹ́ńjìnì, ó lọ̀ wọ́n kí wọ́n lè jókòó dáadáa, ó pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín tọ́pù àti ẹ́ńjìnì, ó tún gbogbo rẹ̀ dè. Èémí aláìsàn náà ni. Ó tún un tú. Bákan náà.

Gbàdàmọ́sí, tí òun náà ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìkángun àgbàlá kan náà, rìn wá wò ó.

"Alàgbà, ṣé ẹ ti wo ríǹgì?"

"Ríǹgì kọ́. Tọ́pù ni mo pààrọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà."

"Ẹni tó fi ọmọrí tuntun bo ìkòkò tó ń jò nídìí ńkọ́?"

"Gbàdà, ọ̀rọ̀ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ayé wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ayé ò ní iṣẹ́ méjì, bọ́ọ̀sì yín ló ń tú kiri," ni Gbàdàmọ́sí wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ayé yìí wọ ìjọ létí dáadáa. Àwọn ìyá ìjọ fẹ́ lọ sí òkè àdúrà lọ́nà Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Ẹtì. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀tá ò fẹ́ kí wọ́n débẹ̀? Màmá Àdùfẹ́, ìyá àdúrà, kó àwọn obìnrin rẹ̀ wá sí àgbàlá pẹ̀lú ìgò òróró ólífì.

"Níbo ni ẹnu rẹ̀ wà?" ni ìyá béèrè.

"Ẹnu kí ni, Ìyá?"

"Ẹnu ẹ́ńjìnì. A kì í gba ẹ̀yìn fún aláìsàn lóògùn."

Adékànmí ṣí ìjókòó dẹ́rẹ́bà, níbi tí ẹ́ńjìnì wà, ó fi àwọn ihò púlọ́ọ̀gì hàn án. Ìyá ń ka sáàmù, ó ń da òróró sínú wọn. Lucky yí kọ́kọ́rọ́. Àtàǹpàkò Adékànmí fò kúrò lórí ihò bí ẹyẹ. Wọ́n dá púlọ́ọ̀gì padà, bọ́ọ̀sì jí, ó hó, èéfín sì bo gbogbo àgbàlá.

"Ẹ wo ẹ̀mí òkùnkùn bó ṣe ń jáde," ni ìyá wí.

"Funfun ni, Mama," ni Lucky wí.

"Ó para dà ni."

Adékànmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Irú òróró yìí náà ni ìyá fi pa orí Ọdúnayọ̀, ọmọ Adékànmí, nígbà tí gìrì fẹ́ gbé e lọ. Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé báyìí. Wòlíì Ọlábọ̀dé, olórí ìjọ, sọ pé Alàgbà ni yóò jẹ́rìí iṣẹ́ ìyanu náà ní ìsìn Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ìyá tó gbéra.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adékànmí lọ fọ bọ́ọ̀sì. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó húkọ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.

Ó jókòó. Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Kirikírì sọ fún un padà wá sí i lọ́kàn: bí agbára ẹ́ńjìnì bá lọ, da òróró díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì. Bí agbára bá padà, má fẹ̀sùn kan tọ́pù. Ríǹgì tó yí písítìn ká ló ti jẹ, òróró ló bá ọ dí àlàfo rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Tọ́pù tuntun ti dí òkè pa, gbogbo agbára wá ń gba ìdí sá lọ.

Ó bu ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú sílẹ̀ lára takisí kan. Ó gbàdúrà kí ó tó dà á: Olúwa, má jẹ́ kí eléyìí ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ti ìyá ni mímọ́. Ó fi ọwọ́ kan dí ihò, ó fi ìkejì yí kọ́kọ́rọ́. Kò tíì sí mẹkáníìkì tó bẹ Ọlọ́run kí ẹ́ńjìnì má lágbára.

Àtàǹpàkò rẹ̀ fò ju ti àná lọ.

Bí òróró bá jẹ́ òróró lásán nínú ẹ́ńjìnì, kí ló jẹ́ lórí ọmọ? Kò jẹ́ kí ìbéèrè náà parí. Ó ń nu ọwọ́, ó ń nu ọwọ́, títí àkísà fi ya. Bí ó bá sọ òótọ́, ìjọ á mọ̀ pé òun ló ṣì í láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú á sì ti ìyá àdúrà. Bí ó bá dákẹ́, àwọn ìyá á gun bọ́ọ̀sì tó ń kú lọ sínú igbó Ìjẹ̀bú. Ọmọ́lẹ́yẹ, aya rẹ̀, wà lára wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dìde níwájú ìjọ.

"Ẹ̀yin ará, bọ́ọ̀sì ò tíì sàn. Ríǹgì ló jẹ. Èmi ni mo ní tọ́pù ni, èmi ni mo ṣì í. Òróró yòówù ká dà sí i, á jí díẹ̀, á tún kú. Mo da ọ́ìlì dúdú sí i, ó jí."

Wòlíì wúkọ́.

"Ẹ gbọ́ iṣẹ́ Olúwa. Alàgbà wa wà nínú òkùnkùn. Òróró wọlé, ìfihàn dé. Kí ni ìfihàn náà wí?"

"Ríǹgì," ni ìjọ dáhùn.

"Wòlíì, ọ́ìlì dúdú náà..."

"Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú," ni Wòlíì wí, ó sì dá orin.

Wọ́n sún ìrìn àjò síwájú. Adékànmí tú ẹ́ńjìnì délẹ̀, Gbàdàmọ́sí bá a fi ríǹgì tuntun sí i, kò sì rẹ́rìn-ín títí iṣẹ́ fi parí. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Bọ́ọ̀sì sì gun afárá pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkìkí ti kàn dé Ajégúnlẹ̀. Àwọn onímọ́tò ń gbé ìgò òróró wá. Ọ̀kan ní gíà ọkọ̀ òun kì í wọlé, ọ̀kan ní jálòpí òun ń jí, ṣùgbọ́n kì í rí oníbàárà. Adékànmí ń ṣàlàyé ríǹgì fún wọn, wọ́n ń ṣe àmín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá Àdùfẹ́ nìkan wá bá a.

"Adékànmí, ọ́ìlì dúdú yẹn, ṣé ó ta ọ́ lọ́wọ́ bíi tèmi?"

"Ó jù ú lọ, Ìyá."

Ìyá bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Má sọ fún àwọn yòókù."

"Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ, Ìyá. Wọn ò gbọ́ ni."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Nígbà tó ṣe, ó ní kí àwọn méjèèjì gbàdúrà. Wọ́n gbà á, ó kúrú ju bí wọ́n ṣe máa ń gbà á lọ, kò sì sí ẹni tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀.