Ìbò Tí Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Ṣíwájú Tẹ̀

Nínú ọgbà tí a ti ń ṣe àdìrẹ, nísàlẹ̀ Ṣàpọ́n, kò sí alága. Kò sí akápò, kò sí akọ̀wé. Bí àlejò bá béèrè pé ta ni olórí wa, a ó kàn máa wo ara wa lójú. Fóònù ni olórí wa. Ó dà bí àwàdà létí, àmọ́ òtítọ́ ni, mo sì wà lára àwọn tó fi í jẹ.

Ìjà ipò alága ló fà á. Ọdọọdún la máa ń yan alága, ọdọọdún la sì máa ń torí rẹ̀ pín sí méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà ní Ìbarà ló wá sọ fún wa pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí kò ní olórí rárá, DAO ni wọ́n ń pè é. Ó ní a ó kó owó ẹgbẹ́ sí àpò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ní sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìbò nìkan ló lè ṣí i. Olúkúlùkù á ní tókìn nínú fóònù rẹ̀, ìyẹn ni àwa wá ń pè ní ẹ̀yọ. Iye ẹ̀yọ tí o bá ní, iye ìbò rẹ nìyẹn. Ẹni tó fi nǹkan ńlá sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ á ní púpọ̀, ẹni tó fi kékeré sílẹ̀ á ní díẹ̀. Ẹni tó bá ní àbá á gbé e sórí fóònù, a ó fi ọjọ́ mẹ́ta dìbò lé e lórí, gbogbo wa á sì máa rí orúkọ ẹni tó ti dìbò àti ohun tó dì. Bí ẹ̀yọ tó dìbò ò bá tó ìdajì gbogbo ẹ̀yọ ẹgbẹ́, àbá náà kú nìyẹn, kódà kí gbogbo àwọn tó dìbò gbà á.

Èmi ni mo mú ìdajì yẹn wá. Ó béèrè iye tí a fẹ́, mo ní ìdajì, kí èèyàn mẹ́ta má baà jókòó sí kọ̀rọ̀ kan kí wọ́n ná owó gbogbo wa. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò sì kà á dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ọ̀rọ̀ mi dún bíi ti lọ́yà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Látìgbà náà, èmi ni mò ń bá wọn tún fóònù wọn ṣe tí nǹkan ẹgbẹ́ bá há.

Èèyàn méjì ló ní ẹ̀yọ tó pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni Àlájà, ìyá àgbà tó ni ilẹ̀ tí ọgbà wà lórí rẹ̀. Ìkejì ni ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, tó ń jí lọ, tó ń ṣú bọ̀. Òun ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí à ń lò. Ká kó ẹ̀yọ gbogbo àwa yòókù jọ, kò tó ìdajì. Ó di dandan kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kún un.

Láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni pọ́ǹpù kànga náà kú. Ìyá mi kékeré, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwé kan nígbà yẹn, àdìrẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kò gba irú iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti fi àbẹ́là yíyọ́ tẹ gbogbo aṣọ náà, ó ti rẹ wọ́n sínú aró, ó wá ku omi gbígbóná tí a ó fi bọ àbẹ́là náà kúrò. Omi púpọ̀ sì ni. Omi onítáńkà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, èrè iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀ ni ì bá gbé lọ. Ilé ìwé sì ti ń wọlé bọ̀.

Mo gbé àbá sórí fóònù: ká ra pọ́ǹpù tuntun. Ní ọgbà, gbogbo wọn ló gbà. Ẹlòmíràn tilẹ̀ bú mi pé kí ló ń béèrè ìbò nínú ìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wo fóònù. Ìyá mi kékeré dìbò, èmi dìbò. Ó tán.

Mo bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń sá aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dìbò o."

"Ṣé mo takò ó ni? Ṣebí o wà níbẹ̀ nígbà tí mo dákẹ́."

"Dídákẹ́ yín ò hàn lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n."

"A jẹ́ pé fóònù yẹn ò gbọ́n nìyẹn. Nínú ìpàdé wo lo ti rí i tí ẹni tó gbà á tún ń pariwo? Ẹni tí kò gbà ló ń sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn wí. Mò ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni ń tọrọ báárà. Èyí ò ní dátà, èyí gbàgbé nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, èyí ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun jẹun. Níkẹyìn wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ku àwọn méjì yẹn.

Mo gba ilé Àlájà lọ. Ó jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà."

"O tún ti gbé fóònù dé. Ta ló ti sọ̀rọ̀?"

"Gbogbo wọn mà. Ó ku ẹ̀yin àti àna yín."

"Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Àgbà ló ń kádìí ọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ tèmi tán, ta ló tún máa lanu? Jẹ́ kí n gbọ́ ti àna mi ná."

Mo sáré lọ pàdé àna rẹ̀ ní Láfẹ́nwá níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti tú táì rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọ́. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó mi orí.

"Àbúrò, ṣé o fẹ́ tú ilé mi ká ni? Orúkọ mi á jáde níbẹ̀, gbogbo ayé á rí i pé èmi àna pàṣẹ lórí ilẹ̀ ìyá ìyàwó mi kí àwọn fúnra wọn tó lanu!"

"Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù lásán ni, sà."

"Pọ́ǹpù lónìí, ilẹ̀ lọ́la. Bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn. Kí ìyá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀, èmi náà á tẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta pé, àbá kú. Mo sọ fún ìyá mi kékeré.

"Ta ni kò fẹ́?"

"Kò sí."

"Kí ló wá dé tí kò wọlé?"

"Wọn ò tó ìdajì."

"Ta ló ní kó jẹ́ ìdajì?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn tí a fi ń sá aṣọ. 

Mo tún àbá náà gbé, àwọn yòókù sì tún tẹ̀ ẹ́. Tíṣà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti ránṣẹ́ pé bí aṣọ ò bá ní yá, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn. Ìyá mi kékeré ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń yẹ àwọn aṣọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn le gbagidi bí páálí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìbò kejì máa parí, mo jókòó ní iwájú Àlájà, mo pe àna rẹ̀ lórí fóònù, mo tú ohùn rẹ̀ síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ara wọn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ta.

"Ẹ kú ọ̀sán mà."

"Ọ̀sán ire o, àna mi. Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ ìbò yẹn ni mà. Ẹ ṣíwájú, à ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

"Ó tì o. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kànga. Ẹ sọ tiyín ká gbọ́."

"Háà! Èmi kẹ̀? Lórí ilẹ̀ yín, mà?"

"Kò séwu. Ẹ sọ̀rọ̀."

"Lẹ́yìn yín ni, mà."

Mò ń wo aago fóònù. Wọ́n ń ṣe ara wọn jẹ́jẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ki ara wọn, aṣọ ìyá mi kékeré ń gbẹ mọ́ àbẹ́là lọ.  Mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ti dàgbà ju eré yìí lọ! Ṣé ẹ ò lè tẹ nǹkan kékeré yìí ni?"

Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáwọ́ dúró. Àna Àlájà pa fóònù láìdágbére. Àlájà ò wò mí. Ó ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ jọ, ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

"O sọ nígbà kan pé èèyàn lè fa ìbò tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Fa tèmi lé ara rẹ lọ́wọ́. Ìwọ lo mọ bó ṣe ń yára."

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ nígbà yẹn, kí n bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ àkókò ń lọ. Mo gba fóònù rẹ̀, mo ṣe é bó ṣe wí, mo wá fi fóònù mi dìbò. Orúkọ mi ló jáde, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yọ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Kò pẹ́ ni ti àna rẹ̀ náà wọlé. Àpò ṣí.

A ra pọ́ǹpù, omi yọ. A da iná sábẹ́ àwọn àgbá, à ń bọ aṣọ títí ilé ìwé fi gba tiwọn, kódà wọ́n ti gbé ti sáà tó ń bọ̀ fún ìyá mi kékeré. Ṣùgbọ́n kí á tó bọ aṣọ tán ni ìyá mi kékeré ti gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó nu ọwọ́ aró rẹ̀, ó ní kí n ṣíwájú òun. Ní ilé Àlájà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òun kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì í mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìbò yín padà."

"Mo ti forí jì í. Dìde, ọmọ. Ìbò wo ni kí n gbà? Ṣebí ó ń ṣe é dáadáa."

Fóònù tirẹ̀ nìkan ló lè gbà á padà, kò sì tan fóònù náà mọ́.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé àbá pé ká tún òrùlé ṣe. Kò sẹ́ni tó dìbò. Mo bi ẹ̀gbọ́n tó ń sá aṣọ pé kí ló ń dá wọn dúró.

"Ìwọ là ń retí. Ṣebí ìwọ lo ni ilẹ̀ báyìí? A ò lè ṣíwájú onílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tẹ nǹkan kan.

Bí àbá bá ti dé, mo máa ń lọ jókòó sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àlájà, mo máa ń kà á fún un. Á béèrè àlàáfíà ìyá mi kékeré, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á ní kí n bá òun ti fèrèsé. Kò jẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Màá wá dìde, màá jáde síta, màá tẹ "bẹ́ẹ̀ ni," láìmọ̀ bóyá "rárá" ni ì bá sọ.