Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ìyá Mi

Iṣẹ́ lílẹ táìsì sílẹ̀ ilé ni mò ń ṣe ní Mówè. Àdúgbò Lótò, nítòsí ibẹ̀, ni mò ń gbé. Mi ò kàwé púpọ̀, ìwé kẹta girama ni mo dé kí n tó lọ kọ́ṣẹ́, nítorí náà bí mo ṣe rántí ọ̀rọ̀ yìí ni màá ṣe kọ ọ́.

Ìyá mi ń gbé ní Ìfọ̀ pẹ̀lú àbúrò wọn obìnrin. Ìyá mi ń fọṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ò bá gbéra mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Ẹnu wọn wọ́ díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn já gaara. Ọkùnrin kan níbẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa fi ọwọ́ ọ̀tún di tábìlì mú, kí wọ́n dìde dúró díẹ̀, kí wọ́n tún jókòó. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni o, kí ẹnikẹ́ni má kán wọn lójú.

Èmi náà ń gbàdúrà ní tèmi. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo tún gba ọjọ́ méje. Ìbàfò ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lókè àwọn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n máa ń kọ́ wa níbẹ̀ pé ohun tí èèyàn bá ń retí lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó jẹ́rìí ẹ̀ bíi pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹ á kọ́kọ́ sọ pé nípa ìgbàgbọ́ ni, kí ìjọ lè mọ̀. Mo ti rí àwọn tó jẹ́rìí ọmọ kí oyún tó dé, oyún sì dé. Mi ò rí àwọn tí tiwọn ò dé, nítorí wọn kì í padà wá sọ ọ́.

Ní Sọ́ńdè ìdúpẹ́ kan, mo bọ́ síwájú, mo gba máìkì. Mo ní kí ìjọ bá mi yin Olúwa, pé ìyá mi tí rọpárọsẹ̀ dá jókòó ti dìde, wọ́n ti ń rìn. Mi ò sọ pé nípa ìgbàgbọ́ ni. Mo fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ti dìde, àtẹ́wọ́ náà sì dùn mọ́ mi. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ mọ̀ mí. Mo dá máìkì padà, mo lọ jókòó.

Olórí ẹgbẹ́ obìnrin wa, ìyá kan tó ń ta kọ́tìnnì, ti gba àdírẹ́sì ìyá mi lọ́wọ́ mi nígbà tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ìyá márùn-ún gbéra, wọ́n lọ sí Ìfọ̀. Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n fẹ́ kó bá mi lójijì, kí n gbọ́ pé àwọn ti lọ bá ìyá mi jó.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àbúrò ìyá mi pè mí.

“Àwọn obìnrin kan dé síbí, aṣọ funfun ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n láwọn wá bá màmá ẹ jó. Kí lo sọ fún wọn?”

Mo ní kí wọ́n fún màmá ní fóònù. Mo ń gbọ́ orin lẹ́yìn wọn. Orin náà dúró, fóònù sì já.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, àbúrò ìyá mi ló rò ó fún mi. Àwọn ìyá náà kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Ìyá mi béèrè pé ta ló sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ yín ni, níwájú gbogbo ìjọ. Àbúrò wọn fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ pé kó dákẹ́. Wọ́n di tábìlì mú, wọ́n dìde. Wọ́n wá fi tábìlì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ti òsì ò tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún wọn ni wọ́n fi gba ilẹ̀, ó sì kán.

Àwọn ìyá náà ló gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì gbé wọn padà wálé. Wọ́n ti lọ kí n tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi wò mí títí.

“Mo dìde kí wọ́n má baà pè ọ́ ní onírọ́,” wọ́n ní.

Mo ní ìgbàgbọ́ ni mo fi sọ ọ́.

“Ìgbàgbọ́ nínú ta? Tó bá jẹ́ nínú Ọlọ́run ni, Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò tíì rìn. Èmi fúnra mi ni mò ń sọ fún un láràárọ̀.”

Àbúrò wọn gbé àwo ẹ̀bà ka iwájú mi. “Wòlíì Lótò, bọ́ màmá ẹ. Kò sí ọwọ́ tí wọ́n á fi jẹun mọ́.”

Mo bọ́ wọn. Wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló sì wọ̀ mí lára jù.

Mo sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà nínú yàrá. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ ò gbé lónìí. Ọwọ́ náà ti lọ. Mo ṣì ń retí Rẹ. Bá mi gbé tòní.” Lẹ́yìn náà wọ́n dárúkọ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, mi ò gbọ́ ìyókù. Mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ báyẹn, kó sọ fún un bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kó má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa pé mo fẹ́ tún ẹ̀rí mi sọ. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n ní ká kàn máa gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, kó má baà kó àárẹ̀ bá ìgbàgbọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí Sọ́ńdè ìdúpẹ́ mìíràn dé, mo tò sí ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí. Arábìnrin tó ń fúnni ní máìkì bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ, mo sọ ọ́ fún un. Ó wo pásítọ̀. Pásítọ̀ wo Bíbélì wọn, wọ́n sì mi orí pé kó gbé e fún mi.

Mo ní, “Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lóṣù tó kọjá, irọ́ ni. Ìyá mi ò tíì rìn. Nítorí mi ni wọ́n ṣe gbìyànjú, wọ́n sì ṣubú. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbàdúrà fún wọn.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹni tó kàn gba máìkì, ó dá orin.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá tó ń ta kọ́tìnnì dá mi dúró. Wọ́n ní mo ti dójú ti àwọn lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ojú wo làwọn á fi padà lọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kàn lọ jókòó tì wọ́n. Nínú àwọn mẹ́fà, méjì ló padà lọ. Ọ̀kan di irun fún ìyá mi.

Mo wà ní Ìfọ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tú ohun tí ọsibítù fi di ọwọ́ tó kán náà. Ìyá mi béèrè ohun tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní ṣé mo sọ pé àwọn ṣubú. Mo ní mo sọ ọ́.

“Ó dáa,” wọ́n ní. “Wá di ìbàdí mi mú.”

Mo dì wọ́n mú. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí tábìlì, wọ́n dì í mú. Wọ́n dìde, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì jókòó.