Ohun Tí Kúkúrú Fẹ́

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá Ẹlẹ́ṣin ti ń kọ́ ẹṣin àwọn olówó ní eré sísá. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn agbanisíṣẹ́, wọ́n ní kí ó máa bi òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ léèrè ohun tó fẹ́, kí ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Kúkúrú, tó ti tọ́jú ẹṣin pupa fún ọdún méje, fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Kí ni kí n ṣe tí o ò fi ní lọ?" Màmá Ẹlẹ́ṣin bi í.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ẹṣin mi, Mà."

"Èmi kọ́ ni mo ni ín. Wọ́n ti tà á."

"Ẹ̀yin lẹ bi mí."

Màmá Ẹlẹ́ṣin kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó fi ààyè ìdáhùn agbanisíṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ọkọ̀ tó máa gbé ẹṣin pupa lọ ti dé. Kúkúrú lọ mú okùn ẹṣin.