Ojú Ewé Tí Mo Fi Ẹ̀kọ Lẹ̀

"Ẹ yéé sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n ra ìwé yẹn fún ọmọ wọn. Ìyá ọmọ kú nínú rẹ̀."

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi kékeré jọ wà ní kíláàsì kan ló kìlọ̀ báyìí fún mi lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́. N kò bínú sí i. Èmi náà ti ronú bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́dún tí ọmọbìnrin mi àgbà wà ní ìwé mẹ́rin, a rí ohun tó dùn mọ́ wa nílé wa ní Ìsẹ́yìn. A wo sinimá kan nínú gbọ̀ngàn ìlú. Mo ti dá lọ wò ó lọ́sàn-án kí n tó mú un lọ. A ra àwo wákà kan tí kò ní ọ̀rọ̀ àlùfààṣá nínú. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ló ga jù: ìtàn ọmọbìnrin kan tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti Gáná padà wá sí Òkè-Ògùn, tí bàbá tó ti ń ṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ilẹ̀ wa. Ó mọ bí koríko ṣe ń dún nígbà ọyẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá ọmọ náà kú, mo pa ìwé dé. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi ní Ṣakí lóṣù náà, ọmọ mi kì í sì í sùn mọ́ àfi kó di etí ìró mi mú. Mo bu ẹ̀kọ gbígbóná, mo fi lẹ ojú ewé méjèèjì tó kọjú síra pọ̀, mo gbé òkúta lé e títí ó fi gbẹ. Mo wá gbé ìwé náà fún un.

N kò ro ti aáyán. Ẹ̀kọ ni wọ́n wá jẹ, ojú ewé náà ṣí, àṣírí mi sì tú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti ọjà dé, mo bá ọmọ mi níwájú ìyá ọkọ mi, tí wọ́n máa ń sọ pé ìwé ìtàn ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Ó ń ka ojú ewé náà sókè fún wọn. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ti dáwọ́ dúró.

"Ìyàwó, ìwọ lo lẹ ọmọ òrukàn mọ́nú ìwé?"

Mo ní n kò fẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ ni.

"Ìwọ lẹ̀rù ń bà. Jẹ́ kó kà á lọ."

Ọmọ mi kò gbójú sókè. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ìyá náà kú, torí pé ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, bàbá ló ń dáná.

"Ẹni tó ń di irun ọmọ náà lẹ́yìn náà ni n kò mọ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ni, Màámi. Ibẹ̀ lẹ lẹ̀ pa."

Mo jókòó, mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o kí ọwọ́ mi lè ríṣẹ́ ṣe. Ó kà á dé òpin. Nígbà tó di alẹ́, ó ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá ìyá àgbà, ó ní kí n lè sùn dáadáa kí n tó lọ sí Ṣakí.

Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú báńdéèjì lọ́rùn, ó wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Ojú ìyá àgbà kò ríran dáadáa mọ́, ìlà irun náà wọ́ díẹ̀. N kò tú u.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà fúnra yín. Èmi náà ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ọmọ yín kí ó kà á tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lẹ ojú ewé kankan pa.